Wọ́n Ní Ọjọ́ Orí Mi Ti Kọjá

Nígbà tí ọdún tó kọjá ń parí lọ, ọ̀gá wa ní báńkì pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ní ti ọjọ́ orí, àbúrò mi pátápátá ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Ó ní, "Ẹ jókòó, mà," ó wá yíjú sí fèrèsé. Bó ṣe yíjú yẹn ni ara ti fu mí.

Orí káńtà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni mí, iléeṣẹ́ mìíràn ló gbà wá síṣẹ́ tí wọ́n fi wá yá báńkì lò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, Àgbowó ni mo ṣì ń gbé pẹ̀lú àwọn tí a jọ kàwé. Wọ́n ní bí a bá ṣe dáadáa, kò ní í pẹ́ tí a ó fi di òṣìṣẹ́ báńkì gan-an. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo ti pinnu pé kí n tó pé ogójì ọdún, èmi náà á ní ọ́fíìsì tí wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Gbogbo ìparí ọdún ni mo máa ń rò ó wò, tí màá ní ó kù díẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Mo fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ wa ní Èkó pé kí wọ́n sọ yín di òṣìṣẹ́ báńkì. Wọ́n ti dá a padà. Wọ́n ní ọjọ́ orí yín ti kọjá èyí tí àwọn ń gbà."

"Nígbà tí mo wọlé, kò tíì kọjá, sà."

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ̀yin náà lẹ ń ní kí n ṣe sùúrù."

"Mo mọ̀. Ẹ má bínú."

Ó wá sọ fún mi pé ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ ni yóò máa ṣe olórí wa lórí káńtà bí a bá wọ ọdún tuntun. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá ayédèrú owó mọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tútù pẹ̀tù sí bàbá tó ń bínú. Òun ti di òṣìṣẹ́ gidi ní tirẹ̀.

Inú ilé ìtọ̀ ni mo ti bá a, ó ń sunkún.

Ó ní, "Àǹtí mi, èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n fi mí síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Nu ojú rẹ, àwọn èèyàn ń dúró dè wá."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo gbá a mú. Ká ní ọmọ burúkú ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí.

Nígbà tí a ṣíwọ́, mo wọ takisí lọ sọ́dọ̀ màmá mi ní Challenge. Òun àti aládùúgbò rẹ̀, tí wọ́n jọ ti Ṣakí wá, ló jókòó níwájú ilé.

Màmá mi ní, "Mánẹ́jà mi ti dé."

Aládùúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n bá òun mú ọmọ òun wọ báńkì wa. Mo ní màá gbìyànjú. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Nígbà tí a wọlé, mo ní, "Màámi, wọ́n ní mo ti dàgbà jù."

"Ta ló dàgbà? Ìwọ?" Ó jókòó. Ó wá ní, "Báńkì mìíràn ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ló ń wo ọjọ́ orí."

Kò gbàdúrà bó ṣe máa ń ṣe. Ó dìde, ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

A wọ ọdún tuntun, mo padà síbi iṣẹ́, nítorí mi ò ní ibòmíràn tí mo lè lọ. Bí mo bá fẹ́ lọ jẹun lọ́sàn-án, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn. Ó ti bẹ̀ mí títí pé kí n má gbàyè lọ́wọ́ òun mọ́, pé ojú ń ti òun. Ṣùgbọ́n òfin ibi iṣẹ́ ni. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ títí yóò fi gbójú sókè.