Abẹ́rẹ́ Èéyi àti Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gé Kúrú

Ọmọ tí mo ń rántí yìí ì bá ti máa lọ sílé ìwé báyìí. Èmi kọ́ ni ìyá rẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló bí i, èmi sì ni ìyálé ìyá rẹ̀, nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ wọ agbo ilé náà. Abúlé wa wà ní apá Kíkà, ní òdìkejì ààlà Nàìjíríà, níbi tí igi kajú ti pọ̀ ju ilé lọ. Nígbà ọyẹ́, tí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, tí mo sì gbọ́ tí ọmọdé kan ń húkọ́ nínú ilé, ọwọ́ mi a dúró. Mo máa ń tẹ́tí sí i títí n óò fi mọ̀ pé ikọ́ lásán ni. Àwọn tó ń rí mi máa ń rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Gàrí ni mò ń tà, ṣùgbọ́n mo tún ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní rẹlẹ́. Rẹlẹ́ ni ẹni tí ilé ìwòsàn yàn nínú abúlé láti máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí ó sọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ìyá, kí ó yẹ kánẹ̀ ọmọ wò, ìyẹn ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ abẹ́rẹ́ sí, kí ó sì mọ ọmọ tí kò tíì gbà á. Mo mọ̀wé díẹ̀, mo gbọ́ Faransé, mo sì gbọ́ èdè Bààtọ̀nú tó tó mi í dúnàá dúrà lọ́jà. Ìdí tí wọ́n fi yàn mí nìyẹn.

Màjọ̀ ló kọ́ wa níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pe ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn wa. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó kó àwa rẹlẹ́ jọ sábẹ́ ìbòòji lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó ní:

"Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n mú ejò kan, wọ́n yọ oró lẹ́nu rẹ̀, wọ́n wá jù ú síwájú ajá yín. Ajá á gbó, á bá a jà, á sì pa á. Lọ́jọ́ tí ejò olóró bá wọlé, ajá yẹn ò ní máa wò ó bí ẹni ń wo okùn. Ohun tí abẹ́rẹ́ èéyi ń ṣe nínú ara ọmọ nìyẹn. Kòkòrò èéyi gan-an ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀."

Obìnrin kan láàárín wa bi í pé, "Màjọ̀, tí ajá bá ń jà nínú ilé, ṣé kò ní fọ́ nǹkan?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó lè fọ́ ìkòkò kan. Ara ọmọ mìíràn á gbóná. Ti abẹ́rẹ́ èéyi kì í sì tètè dé, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ibà náà tó dé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gìrì lè mú ọmọ nínú ibà yẹn. Kò wọ́pọ̀, ó sì máa ń lọ láì fi àbùkù sílẹ̀. Èéyi fúnra rẹ̀ ń pa ọmọ, ó ń fọ́ wọn lójú. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọmọ. Ẹ má fi ìkankan pamọ́."

Mo gbọ́ ọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pàápàá.

Lọ́dún tí ọmọ àkọ́kọ́ ìyàwó wa yìí, ẹ̀gbọ́n ọmọ tí mo ń rántí, pé oṣù mẹ́sàn-án, ohùn ọkùnrin kan ń lọ láti fóònù dé fóònù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ń sọ èdè wa dáadáa, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó fẹ́ràn wa. Ó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún àwọn ọmọbìnrin yóò sọ wọ́n di àgàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ìyá tó ń wá síbi abẹ́rẹ́ dín kù. Ìgò abẹ́rẹ́ èéyi kan tó ọmọ mélòó kan, tí wọ́n bá sì ti ṣí i, ohun tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kò ní rí ọjọ́ kejì. Nítorí náà nọ́ọ̀sì a jókòó ti àpótí yìnyín rẹ̀, a máa retí kí ọmọ pọ̀ díẹ̀ kó tó ṣí ìgò. Ó máa ń wò mí. Ojú ń tì mí. Mo fẹ́ kí agbo ilé tèmi ṣíwájú, kí àwọn yòókù lè rí wa kí wọ́n sì tẹ̀ lé wa.

Mo bá ìyàwó wa níbi tó ti ń sá ẹ̀gẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa gèlè rẹ̀.

"Ìyálé," ó ní, "wọ́n ní abẹ́rẹ́ yìí kò dára. Ṣé kò ní ṣe ọmọ mi ní nǹkan kan?"

Gbogbo ohun tí Màjọ̀ sọ wà lórí ahọ́n mi: ibà, ọ̀sẹ̀ kan, gìrì. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé tí mo bá dárúkọ gìrì, kò ní wá.

"Kò ní ṣe é ní nǹkan kan," ni mo wí. "Rárá o. Ṣé èmi ni n óò wá tàn ọ́?"

Ó so ọmọ rẹ̀ le, ó tẹ̀ lé mi.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, ọ̀sán pọ́n, mo gbọ́ igbe rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà ti le gbagidi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ yí sókè, ẹnu rẹ̀ ń hó. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná. A gun ọ̀kadà ẹnìkan, èmi ní ẹ̀yìn, òun láàárín, ọmọ ní àyà rẹ̀. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, gìrì náà ti tú u sílẹ̀, ó ń sunkún. Mi ò gbọ́ ẹkún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Màjọ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan ni a bá, ọmọ gúúsù tí kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa, tí kò gbọ́ èdè wa. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó wo kánẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìyá, ó sọ̀rọ̀ ní Faransé, ó sì ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kò sí ibà ẹ̀fọn lára ọmọ. Ó ní abẹ́rẹ́ èéyi ló fa ibà náà, ibà ló sì fa gìrì. Ó ní òun mọ̀ pé ó bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n ọmọ yóò yá, ara rẹ̀ ti ń kọ́ bí yóò ṣe bá èéyi jà, kí ìyá má ṣe jẹ́ kí èyí mú un sá fún àwọn abẹ́rẹ́ yòókù.

Ìyàwó wa ń wo ẹnu mi.

"Ó ní ibà ẹ̀fọn ni," ni mo wí. "Ó ní yóò lọ."

"Ṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ ọjọ́sí?"

"Abẹ́rẹ́ kọ́."

Ó wo nọ́ọ̀sì, ó tún wò mí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tó sọ gùn ju èyí tí ẹ sọ fún mi lọ, Ìyálé."

Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin náà yá. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ń rá káàkiri. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ kankan mọ́, nígbà tó sì bí ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀, kò gbé òun náà lọ. Mo lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́ ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi lómi, ó ní, "Ìyálé, ẹ jọ̀ọ́." Nígbà kejì ó ṣáà ń ṣa ẹ̀wà nìṣó. Ọkọ rẹ̀ wà ní Nàìjíríà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ oko, ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé ìyá ọmọ ló mọ ohun tó rí. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ tí yóò fi yí ọkàn padà. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, "Mo purọ́ fún ọ." Mi ò sọ ọ́. Mo fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ náà nínú ìwé mi, mo lọ sílé tó kàn.

Ọmọkùnrin náà dàgbà, ó rìn. Èmi ni mo ń pè é ní ọkọ mi, bí àwọn ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ọkùnrin ilé. Tó bá gbọ́ ìró abọ́ gàrí mi, yóò ta gọ́ọ́gọ́ọ́ wá, yóò ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀.

Èéyi dé ní àsìkò tí a ń ṣa kajú. Ọmọ ilé ìwé kan ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ilé mẹ́ta, ó di ilé mẹ́fà. Nígbà tí mo sáré wọ ilé ìyàwó wa, ojú ọmọ náà ti pọ́n, omi ń jáde níbẹ̀, ó ń húkọ́. Ní ọjọ́ kẹta ara rẹ̀ sú láti ojú dé ẹsẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn fún ojú rẹ̀, wọ́n fún un ní omi oníyọ̀ oníṣúgà. Nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú tó bá ń mí, Màjọ̀ ní ká máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣàwúrù. A lo ọjọ́ kan níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ìyá rẹ̀ ń fi ìka nu ètè rẹ̀ tó gbẹ. Ó dáwọ́ dúró, ó wò mí. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ náà gan-an ni a sin ín, bí a ti ń ṣe.

Ibojì kọ́ ni ohun tí kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà wà lórí àìsàn nílé, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ nu imú àbúrò rẹ̀. Ara rẹ̀ kò sú rárá. Kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́rẹ́ èéyi kan ṣoṣo ló gbà, èyí tó fa gìrì, òun ló sì gbà á là.

Ìyá rẹ̀ náà ń wò ó. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú kí ó tó wá bá mi. Kánẹ̀ ọmọ méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ọmọbìnrin ní òǹtẹ̀ díẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ ìbí nìkan ló wà nínú ti ọmọkùnrin.

"Ìyálé," ó ní, "èyí bá àbúrò rẹ̀ jẹ, ó bá a mu. Kí ló dé tí èéyi kò mú un?"

Mo jókòó sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ohun tí Màjọ̀ kọ́ wa, ohun tí nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ náà sọ ní Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí mo sọ dípò rẹ̀. Mo ní, "Mo mọ̀ pé ara lè gbóná. Mo mọ̀ pé gìrì lè wà níbẹ̀. Mi ò sọ fún ọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo bẹ̀rù pé o ò ní wá."

Kò sunkún. Ó pa kánẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ṣe wọ́n bákan náà létí. Ó ní, "Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá wá. Ẹ̀yin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe abẹ́rẹ́." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ǹ bá sì gbé èkejì lọ."

Ó dìde, ó sì kúnlẹ̀ kí mi kó tó lọ, bí ìyàwó ṣe ń kí ìyálé. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lára mi. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn.

Mo lọ bá Màjọ̀, mo ní kó wá ẹlòmíràn fún iṣẹ́ náà, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ń fọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́ títí. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀ ni a ń lọ gún àwọn ọmọ Sanson lábẹ́rẹ́. Aago méje ni kí o wá." Mo lọ. Láti ìgbà náà, mo ń sọ ọ́ fún gbogbo ìyá: apá lè wú, ara lè gbóná, gìrì lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí ni ohun tí wàá ṣe tó bá ṣẹlẹ̀, ohun tí èéyi sì ń ṣe nìyí. Ọ̀pọ̀ ń dúró. Àwọn kan ń gbọ́ gìrì, wọ́n á sì yí padà. Mo máa ń lọ sílé wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo tún máa ń lọ lẹ́yìn oṣù kan. Àwọn kan kì í ṣílẹ̀kùn. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, n óò máa gbọ́ ìṣeré ọmọ nínú ilé, n óò máa rò ó pé bóyá irọ́ kan ì bá ti gba eléyìí là. Síbẹ̀ mi ò tún purọ́ mọ́.

Ìyàwó wa padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Alafiárù, ọkọ rẹ̀ sì lọ bá a níbẹ̀ nígbà tó ti Nàìjíríà dé. Wọ́n ní nítorí ilẹ̀ oko ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àárín èmi àti òun lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo rí i ní ọjà Ṣàwúrù, ọmọ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rí mi kí n tó lè yà sí ibòmíràn. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ilé, ó béèrè ọkọ. Mo ń wo ọmọ náà.

"Mo ti gbé e lọ fún ti èéyi," ló wí kí n tó béèrè. "Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ fún mi pé ara rẹ̀ lè gbóná. Ó gbóná lóòótọ́, ọjọ́ méjì. Mo jókòó tì í."

Mo ní, "O kú ìtọ́jú."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyálé." Ó tún ọmọ rẹ̀ gbé pọ̀n, ó sì yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ata.