Ọmọ Tó Ní Òun Ti Yó

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò tíì ga ju odó ìyá mi lọ, òfin kan wà nílé wa tó le ju gbogbo òfin yòókù lọ: ọmọ kì í jẹun nílé onílé. Ojú ni ìyá mi fi ń pa àṣẹ yẹn. Bí a bá bá a lọ kí ènìyàn, tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá o. Á kàn wò ọ́ báyìí, ìwọ fúnra rẹ á sì sọ pé, "Ẹ ṣeun mà, mo ti yó." Ikùn rẹ ì báà máa kùn, o ti yó nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o!" Ìyá mi á wá máa yan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Òfin yẹn ni mo gbé wọ bàálù wá sí Houston. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má bínú sí mi, arúgbó ni mí, ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo mọ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mò ń gbé ní àdúgbò Alief, nínú apátímẹ́ǹtì kan tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ jọra. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi. Èmi ni mo máa ń dúró de ọmọ rẹ̀ obìnrin tí bọ́ọ̀sì iléèwé bá já a sílẹ̀. Mi ò lè wa mọ́tò, bẹ́ẹ̀ níbí yìí, ẹni tí kò lè wa mọ́tò ò yàtọ̀ sí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ìdáná ni mo fi ń lo ọjọ́ mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ ọmọ mi sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, irun rẹ̀ dúdú, ó gùn dé ìdí. Mo kọ́kọ́ rò pé ará Ṣáínà ni. Ọmọ ọmọ mi ní rárá, ó ní Inuit ni wọ́n ń pe ẹ̀yà wọn, pé àwọn ni onílẹ̀ níbi yìnyín lókè Kánádà pátápátá, níbi tí òkun ti máa ń dì tí ènìyàn á máa rìn lórí rẹ̀. Mo ní, "Lọ jókòó jàre, ta ló ń rìn lórí òkun?" Àṣé òótọ́ ni. Ìyá ọmọ náà ló fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo ní àdúgbò Westchase, ẹnu ọ̀nà kejì sí tiwa ni wọ́n ń gbé. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní ìlú wọn ni. Ìyá rẹ̀ máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́, ó wá bẹ̀ mí pé kí n máa bá òun mójú tó o títí òun á fi dé.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Tí mo bá bu ìrẹsì fún un, á jẹ ìlàjì, á ní, "Ẹ ṣé, Grandma, mo ti yó." Inú mi á dùn! Màá kọjú sí ọmọ ọmọ mi tó ń fi ṣíbí ha abọ́, màá ní, "Ìwọ wọ̀bìà, wo ọmọ ẹlòmíì! Wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!" Mo tiẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún àwọn ìyá ẹlẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹ̀kọ́ ilé tí àwọn ọmọ tiwa ti gbàgbé, ọmọ ilẹ̀ yìnyín ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ayé ti bàjẹ́.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, ọmọ ọmọ mi sáré wọ ilé ìdáná wá. "Grandma, ẹ wá wo nǹkan nínú báàgì rẹ̀." Mo lọ wò ó. Yéè! Ìrẹsì tí mo sè lọ́jọ́ Ajé nìyẹn, ó ti gan, ó wé e sínú bébà ìnuwọ́. Ìlàjì búrẹ́dì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú. Itan adìẹ mi kan tó ti ń rùn. Gbogbo ohun tó ní òun ò lè jẹ tán ló wà níbẹ̀, ó tò wọ́n sábẹ́ ìwé rẹ̀ bí ẹrù ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín, olè ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo jágbe mọ́ ọn pé, "Kí lò ń kó oúnjẹ mi pamọ́ fún?" Kò sunkún, kò sì sá. Ó di báàgì rẹ̀ mú, ó wò mí lójú, ó ní, "Grandma, tí bàálù ò bá wá ńkọ́?"

Bàálù kẹ̀? Ní Houston, níbi tí bàálù ti ń kọjá lórí wa tọ̀sán-tòru? Mo ní kó jókòó de ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, mo fà á jókòó, mo bi í. Obìnrin náà bojú wo báàgì yẹn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kò sí títì tó wọ ìlú àwọn, bàálù ló ń gbé oúnjẹ wá. Tí ìjì yìnyín bá ń jà, bàálù ò ní wá, pẹpẹ ìtajà inú ṣọ́ọ̀bù á sì ṣófo. Tí oúnjẹ bá tiẹ̀ dé, ó wọ́n débi pé ìyá ọlọ́mọ á gbé mílíìkì, á tún dá a padà. Mo ní ṣé kò sí ẹran lóko wọn ni? Ó ní ó wà, pé nígbà àtijọ́ ẹran tí ọdẹ kan bá pa, ilé gbogbo ló ń jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yìnyín òkun ò fi bẹ́ẹ̀ gba ènìyàn dúró mọ́, epo tí wọ́n ń rọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gùn lórí yìnyín lọ dọdẹ náà sì ti di ọ̀wọ́n. Nítorí náà àwọn àgbà kì í jẹun, wọ́n á ní àwọn ti yó, kí ọmọ lè rí jẹ. Ọmọ yìí rí i lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yó, kí àbúrò rẹ̀ kékeré lè rí jẹ. Àbúrò náà ṣì wà lọ́hùn-ún. Àbúrò yẹn ni ọmọ yìí ń kó gbogbo èyí jọ dè.

Ní Kánádà! Kánádà tí àwọn ọmọ wa ń ta ilẹ̀ bàbá wọn torí kí wọ́n lè dé! Orí mi wú. Háà, ọmọ onílẹ̀!

Ohun tó tún bà mí lẹ́rù jù ni pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Lọ́dún tí ọ̀dá dá ní abúlé wa, tí iṣu jóná sínú ebè, ìyá mi á bu ẹ̀kọ fún wa, á ní, "Ẹ jẹun, èmi ti jẹ lóko." Mo bá a lọ sóko lọ́jọ́ kan. Láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, omi nìkan ló mu, ó sì ń fún ọ̀já mọ́ ikùn. A délé, ó tún ní òun ti jẹ lóko, lójú èmi tí mo bá a lọ! Láti ọjọ́ yẹn ni èmi náà ti ń yó, kí àbúrò mi lè rí jẹ.

Opó arúgbó kan ní ẹ̀yìnkùlé wa ló fura. Kò bi mí rí bóyá mo ti jẹun, ó mọ irọ́ tí màá pa. Á kàn pè mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, wá bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò, ahọ́n mi ò mọ iyọ̀ mọ́." Ẹ sì rí i, ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò ò tíì jẹun nílé onílé. Màá tọ́ ọ wò. Á ní, "Fi ẹ̀kọ yìí tọ́ ọ wò dáadáa." Kí àwa méjèèjì tó fẹnu kò lórí iyọ̀, mo ti yó ní tòótọ́. Títí tó fi kú ni mo rò pé àìsàn ló mú ahọ́n rẹ̀.

Èmi tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ gbà là, èmi ni mo jókòó ti ọmọ tó ń pa ebi mọ́ra, tí mò ń pàtẹ́wọ́ fún un! Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ìyá rẹ̀ lójú.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Mo ní, "Wá bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò, ahọ́n Grandma ti darúgbó." Ó tọ́ ọ wò. Ó ní ó dùn. Mo ní, "Irọ́ ni, fi iyán yìí tọ́ ọ wò dáadáa." Lẹ́yìn náà mo ṣí fíríìsà wa, mo bu oúnjẹ sínú abọ́ onídèérí, mo ní kó kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí i lára, a sì gbé e sínú fíríìsà náà. Mo ní, "Tirẹ̀ nìyí. Bàálù wá o, bàálù ò wá o, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án." Ojoojúmọ́ ló máa ń kọ́kọ́ ṣí fíríìsà yẹn wò kó tó jókòó. Ìyá rẹ̀ ti ń sáré bí wọ́n ṣe máa mú àbúrò náà wá. Kò tíì bọ́ sí i. Tí mo bá gbọ́ pé ìjì ń jà lọ́hùn-ún, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, ebi ń pa wá nítorí òjò ò rọ̀, arúgbó tó wà lẹ́yìnkùlé á sì mọ̀. Lónìí, fíríìsà kún nílé kan, ọmọ ń wé ìrẹsì gbígbẹ sínú bébà ní ilé kejì, ilẹ̀kùn sì tì láàárín wọn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ mi ló dí mi lójú tí mi ò fi rí ebi ọmọ náà.

Ọmọ náà ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jẹ iyán rẹ̀ tán, ó fi ìka lá abọ́, ó na abọ́ náà sí mi. Ó ní, "Grandma, mi ò tíì yó." Nílé ìyá mi, ìgbájú ni ọmọ á fi gba èsì ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà, mo sì sáré, pẹ̀lú eékún ríro yìí, lọ sídìí ìkòkò.