Sáà Tí Mo Kọ́ni Láìlóhùn

Mo rántí ìgbà tí ohùn kọ́kọ́ já mọ́ mi lẹ́nu, láàárín gbólóhùn kan tí mo ti sọ láìmọye ìgbà. Gbọ̀ngàn ńlá kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Ìlọrin ni mo wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún gbogbo ìjókòó, àwọn kan sì fara ti ògiri lẹ́yìn. Ooru mú, fáànù òkè ò yí, makirofóònù sì ti bàjẹ́ kí n tó débi iṣẹ́ náà rárá. Bí mo ṣe lanu láti parí ọ̀rọ̀, atẹ́gùn lásán ló jáde. Àwọn tó wà níwájú rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wúkọ́, mo mu omi, mo sì fi agbára ti ohùn náà jáde títí a fi parí. Nígbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo fọwọ́ kan ọ̀fun. Ó ń ta mí bíi pé mo gbé ẹ̀gún ẹja mì.

Ẹni tó bá mọ ilé wa ní Gàmbàrí á mọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí. Áfáà ni bàbá mi, ohùn ni wọ́n sì fi mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ń ṣe wáàsí, ẹni tó wà ní ìdí ìkòkò ní agboolé kejì ń gbọ́ ọ. Nínú gbogbo àwa ọmọ, èmi tí mo jẹ́ obìnrin ni wọ́n ní mo jogún ohùn náà, mo sì fi ń ṣe fáàrí. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, kó yáa lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ohun tó wá pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọgbọ́n ìkọ́ni gan-an ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn tó máa di tíṣà lọ́la. Mo máa ń fi odidi wákàtí méjì sọ fún wọn, láìsinmi, pé tíṣà rere kì í dá ọ̀rọ̀ sọ.

Wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀ nígbà náà. A sì ti ń gbọ́ fìnrín-fìnrín pé wọ́n máa dín olùkọ́ kù. Ní sáà yẹn kan náà ni ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì pàṣẹ pé kí àwọn àgbà olùkọ́ máa wọ kíláàsì àwa tuntun, kí wọ́n máa wo bí a ṣe ń kọ́ni. Wọ́n ní láti ràn wá lọ́wọ́ ni. Ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lọ́dún tó ṣáájú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò kúrò lójijì láàárín sáà, ohun tí gbogbo ènìyàn sì ń sọ lábẹ́nú ni pé àgbà obìnrin kan ló jókòó sí kíláàsì rẹ̀ tó lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Èmi àti àgbà obìnrin náà la jọ ń lo ọ́fíìsì kan. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n, Kristẹni, ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀, wọ́n sì máa ń wo ènìyàn lójú títí onítọ̀hún á fi gbójú sílẹ̀. Ọmọ Áfáà ni wọ́n máa ń pè mí. Nígbà tí orúkọ jáde, àwọn ni wọ́n yàn fún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún wọn. Mo ń jẹ orógbó, mo ń mu oyin àti jínjà gbígbóná nílé tí mo ń gbé ní àdúgbò Basin, mo sì ń rí i dájú pé n kò gbé ìkankan dé ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá wọlé, mo máa ń gbé fóònù sétí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró dè mí títí mo fi gbé fóònù náà sílẹ̀.

“Ọmọ Áfáà, kí ló ṣe ohùn rẹ?”

“Eruku ọyẹ́ ni, mà.”

“Ọyẹ́ ti lọ,” ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa wọ kíláàsì mi pé, mo ti lo gbogbo oògùn tí mo mọ̀. Wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. Mo kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ohùn náà jáde, mo ní Ọlọ́run ṣeun. N kò tíì kọjá ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ohùn náà fi lọ. Kò tilẹ̀ há mọ́, ó lọ ni. Mo lanu, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún lanu. Mo rí i tí àgbà obìnrin náà dìde, tí wọ́n ń bọ̀ láàárín ìjókòó, tí wọn ò yára, tí wọn ò sì wo ẹnikẹ́ni àfi èmi. Ọkàn mi ti ń ro bí mo ṣe máa sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ ti bọ́.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n mú màkà ìkọ̀wé pátákó lórí tábìlì, wọ́n fi í sí mi lọ́wọ́.

“Máa kọ ọ́,” ni wọ́n sọ, tí ẹlòmíràn ò gbọ́. “Màá máa kà á.”

Bí a ṣe parí kíláàsì náà nìyẹn. Mò ń kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n ń kà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń tú jáde, àgbà obìnrin náà gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà tó yẹ ọ̀fun mi wò sọ pé kókó kéékèèké ti yọ sórí ibi tí ohùn ti ń jáde, pé ariwo tí mo ń fi tipátipá pa ló fà á.

“Ẹ ní láti dákẹ́,” ni dókítà wí. “Kì í ṣe pé kí ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà ń ṣe é ní jàǹbá. Ẹ dákẹ́ pátápátá títí tí a máa fi tún un yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ń fi agbára sọ ọ́, ó lè lọ kó má padà.”

A padà sínú ọkọ̀, a ò kúrò níbẹ̀. Mo tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù mi, mo nà án sí wọn: *Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún àwọn ọ̀gá. Wọ́n á lé mi bí wọ́n ṣe lé ẹni èṣí.* Wọ́n gbé fóònù náà jìnnà sójú, wọ́n kà á.

“Wọ́n ní èmi ni mo lé e, àbí?” ni wọ́n béèrè. Mo gbójú sílẹ̀. “Mo sọ fún wọn pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, òótọ́ sì ni. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó jí lọ́jọ́ kan, kò lè jáde nínú yàrá. Ìyàwó rẹ̀ ló wá kó ẹrù rẹ̀. Mo jókòó sí kíláàsì ọmọ yẹn, Ọmọ Áfáà. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lójú pátákó, n kò wo ojú rẹ̀. N kò bi í pé ṣé ó ń sùn.”

Wọ́n ṣáná sí ọkọ̀, a sì lọ.

Ilé wa ní Gàmbàrí ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ máa ń ràn bí òtútù. Bí mo ṣe fi ọwọ́ ṣàlàyé fún wọn, bàbá mi tí wọn ò sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rí láyé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún mi. Ìyá mi ń fi ọwọ́ júwe fún mi bí ẹni pé etí mi ló di. Àdúà tí wọ́n ṣe fún mi náà, nínú ọkàn ni wọ́n ti ṣe é. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú bàbá mi kò gba ẹ̀rín.

Nígbà tí n kò lè fi í pa mọ́ mọ́, mo mú ìwé dókítà lọ fún ọ̀gá ẹ̀ka wa. Ó ní bí mo bá gba ìsinmi àìsàn, kò burú, àmọ́ ẹlòmíràn ló máa gba àwọn kíláàsì mi, òun ò sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wo orúkọ àwọn tí wọ́n máa fìdí iṣẹ́ wọn múlẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì, àgbà obìnrin náà bi mí pé, “Kí lò ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn gan-an?” Mo kọ ọ́: *Ọgbọ́n ìkọ́ni.* Wọ́n ní, “Ó dáa. Jẹ́ ká lò ó.”

Wọ́n pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wa méjì kan wá lọ́sàn-án, wọ́n ti ilẹ̀kùn: ọkùnrin tó ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ti Malete wọ bọ́ọ̀sì wá lójoojúmọ́, àti obìnrin kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi la máa sọ. A sọ díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ làwọn ènìyàn máa ń sọ ti inú wọn fún. Ọkùnrin náà ní àyà òun máa ń lù kíkankíkan kí òun tó wọ kíláàsì, pé òun máa ń dúró sẹ́yìn ògiri ṣe àdúà kí ẹsẹ̀ òun tó gbé. Obìnrin náà ní inú ọkọ̀ òun lòun ti máa ń sunkún, pé òun ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé apòlò ló ń ṣe òun lójú. Ọ̀nà kan náà la jọ ń rìn lójoojúmọ́, a ń bára wa sọ pé ara le.

Nínú ìpàdé yẹn la ti tò ó. Màá kọ ìbéèrè kan sójú pátákó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á pín sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, wọ́n á jiyàn lé e láàárín ara wọn, ẹnì kan á sì jáde wá ṣàlàyé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa gba ìgbà wá sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dàrú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń takùrọ̀sọ, àwọn kan sá lọ. Mò ń rìn láàárín wọn bí òkú òru, mo fẹ́ pariwo, n kò sì gbọ́dọ̀ pa á. Nígbà tó yá, mo rí ohun tí n kò rí rí. Mo gbọ́ wọn. Mo gbọ́ pé ohun tí mo rò pé mo ti kọ́ wọn yé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kò yé ọ̀pọ̀ wọn rárá. Ọmọbìnrin kan tí n kò mọ̀ pé ó wà ní kíláàsì mi ló fi àpẹẹrẹ ilé-kéwú àdúgbò rẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, tí gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Àárín àtẹ́wọ́ yẹn ni ọ̀gá ẹ̀ka wa ṣílẹ̀kùn.

“Irú ọjà wo nìyí? Olùkọ́ wọn dà?”

Mo nawọ́ sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Ẹ fẹnu dá mi lóhùn, mà.” Mo tọ́ka sí ọ̀fun. Ó jáde, kò pa ilẹ̀kùn dé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n pè mí síwájú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ọ̀gá àgbà jókòó sáàárín, ọ̀gá ẹ̀ka wa lápá ọ̀tún. Àgbà obìnrin náà bá mi wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kan pè wọ́n. Ìgbìmọ̀ ní kí n fi ẹnu ara mi ṣàlàyé ìdí tí kíláàsì mi fi di ọjà. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi gbogbo agbára ti ọ̀fun mi, ọ̀rọ̀ díẹ̀ á jáde, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn tó láti fi gba iṣẹ́ mi là. Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, àgbà obìnrin náà sì kà á jáde: *Dókítà ní kí n dákẹ́. Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́. Ẹ wá wo kíláàsì náà.*

“Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ kọ́ni?” ni ọ̀gá ẹ̀ka wa béèrè.

Ọ̀gá àgbà ni àgbà obìnrin náà kọjú sí. “Sà, ẹ ní ká máa wo àwọn olùkọ́ tuntun ká lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ti wò ó. Ìrànlọ́wọ́ yẹn ni mo wá gbà báyìí.”

Ọ̀gá àgbà béèrè pé ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún makirofóònù gbọ̀ngàn ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Wọn ò lé mi. Wọn ò sì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n ní ó di ìgbà tí ara mi bá yá tí wọ́n bá tún wò mí. Wọ́n pín kíláàsì náà sí méjì, makirofóònù sì dé nígbà tí ojú wa ti kúrò lọ́nà rẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka wa kò fẹ́ràn ọ̀nà ìkọ́ni mi títí ó fi kúrò. Ọkùnrin tó ń ti Malete wá kò dúró títí, ó gba iṣẹ́ sítòsí ilé, ṣùgbọ́n ó wá dágbére fún wa tẹ̀ríntẹ̀rín, kì í ṣe pé ó há sínú yàrá. Ìjókòó ọ̀sán wa kò dáwọ́ dúró, àwọn mìíràn ń wá síbẹ̀.

Ohùn mi padà díẹ̀díẹ̀. Kò padà bó ṣe wà. Ó kéré, ó sì rún díẹ̀, bí aṣọ tí a fọ̀ tí a kò lọ̀. Ó pẹ́ kí n tó dáwọ́ ọ̀fọ̀ rẹ̀ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mi ti fìdí múlẹ̀ nígbà náà.

Àgbà obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n ti padà sí Ọ̀mù-Àrán. Mo máa ń lọ kí wọn bí a bá gba ìsinmi. Etí wọn ti ń wúwo, ohùn tèmi kò sì lè ròkè mọ́, ẹni tó bá rí wa níta ilé wọn lè rò pé ọ̀rọ̀ àṣírí là ń sọ. Mo máa ń fa àga mi títí orúnkún wa á fi kanra, wọ́n á tẹ orí sí mi. Wọ́n á bi mí nípa àwọn olùkọ́ tuntun, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ń sọ bí àwọn olùkọ́ náà ṣe ń kọ́ni, wọ́n á ní kí n dúró ná, kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe wà.