Mẹ́dàlì Tí Kàfáyá Fi Lu Agolo

Ẹ bá mi wo Bàbá Àmọ̀dá o, ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé, tó gba mẹ́dàlì ìgboyà nígbà ogun Bìáfírà! Ọ̀la ni àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì máa yan, mẹ́dàlì rẹ̀ sì ti dúdú, etí rẹ̀ rí jágajàga. Ẹgbẹ́ wọn ti sọ ọ́ gbangba: ẹni tí mẹ́dàlì rẹ̀ kò bá dán kò ní wà níwájú. Láti èṣí sì ni Bàbá ti ń retí iwájú yìí. Ló bá gbé e lọ bá Bàdírù, wẹ́dà kan ní Sángo.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí mo bá fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, á dán bíi tuntun."

Àmọ̀dá jókòó. Òórùn irin gbígbóná mú un rántí iléeṣẹ́ irin tó ti ṣọ́ gééti fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ogun. Òṣìṣẹ́ tó bá pẹ́ dé, á kọ́kọ́ bẹ́rí fún un kó tó wọlé. Ayé dùn nígbà yẹn o! Bí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀ ogun, á ní òun gbé ọkùnrin mẹ́ta tí ìbọn bà kọjá odò, ó parí.

Ẹni tí kò ka mẹ́dàlì náà sí rárá nígbà yẹn ni Àdìzát, ìyàwó rẹ̀. Ó gbé e fún Kàfáyá, àkọ́bí wọn, kó fi ṣeré. Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ lọmọ náà fi ń lu agolo mílíkì, gbàn, gbàn, gbàn! Inú bí Àmọ̀dá.

"Àdìzát, ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lé lórí lo sọ di ohun ìṣeré?"

"Bàbá Kàfáyá, ṣé ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni?"

Èéyi ló pa Kàfáyá kó tó pé ọmọ ọdún méjì. Wọn ò yà á ní fọ́tò rí. Àdìzát náà ti lọ, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Ẹ̀rọ Bàdírù ké. Bàbá fò dìde.

"Pa á! Bàdírù, mo ní kó o pa á!"

"Etí tó bàjẹ́ yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ̀, Bàbá."

"Kò bàjẹ́! Ọmọ mi ló ṣe é bẹ́ẹ̀!" Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò tiẹ̀ nù ún.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n tò ó sí. Ìlù àwọn ṣọ́jà ń dún lákọlákọ, àmọ́ agolo mílíkì ni Àmọ̀dá ń gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ṣì lẹ́ẹ̀kan.