Ẹ́ńjìnnì Tí Awakọ̀ Kọ̀ Láti Pa

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó tọ́: ó yẹ kí á pa ẹ́ńjìnnì kí á tó rọ epo sí ọkọ̀. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ń rọbí àkọ́bí wa, nígbà tí òmìnira ṣì jẹ́ tuntun, n kò mọ ẹni tí mo lè gbà gbọ́.

Agbẹ̀bí Ìfọ̀nyìn ti ní ọmọ náà dábùú, kí á tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́. Ìyá ìyàwó mi gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan nínú ọkọ̀. A kò tíì jìnnà tí awakọ̀ fi dúró lọ́dọ̀ eléèsáǹsì, ọkùnrin tó ń ta epo ọkọ̀.

"Pa á," ni eléèsáǹsì wí.

"N kò pa á."

"Ṣé o fẹ́ sun wá ni?"

"Ṣebí àna rẹ ló jókòó sábẹ́ máńgòrò yẹn? Gbogbo ọkọ̀ tó bá kú síwájú rẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Bátìrì mi ti gbó, o sì mọ̀!"

Mo wo abẹ́ máńgòrò. Lóòótọ́, mẹkáníìkì kan wà níbẹ̀, ó ń nu irinṣẹ́ tí kò dọ̀tí. Ara fu mí. Mo tún wo awakọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ ti ọkọ̀ kò ní ṣàìrí bátìrì purọ́ mọ́.

Ìyá ìyàwó mi yọrí. "Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣé orí ọmọ mi lẹ ó ti ro ẹjọ́ yín tán ni?"

Mo bá ní kí eléèsáǹsì bu epo sínú kèègì tí wọ́n ń pè ní bídọ́ọ̀nù, kó dé e dáadáa. Kí awakọ̀ gbé e dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú, kó pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, kó rọ epo, kó sì jẹ́ kí ọkọ̀ yí sísàlẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi jí.

Eléèsáǹsì rẹ́rìn-ín, ó pè mí bí wọ́n ṣe ń pe àwa tó kàwé. "Mẹ̀sié, ta ni yóò dá bídọ́ọ̀nù mi padà? Awakọ̀ yìí?"

"Èmi yóò dúró."

"Ẹ dúró níbi tí mo ti lè rí yín o."

Bí mo ṣe di ìwọ̀fà bídọ́ọ̀nù nìyẹn. Mo rí ọkọ̀ náà lókè, mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́, lẹ́yìn náà ó yí lọ. Kò padà. Oòrùn kọjá àtàrí.

"Ó ti tà á," ni eléèsáǹsì wí.

Bídọ́ọ̀nù ló ń rò. Èmi ń rò ó bóyá awakọ̀ ti sọ wọ́n kalẹ̀ sínú igbó.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ dé. "Obìnrin ni, Mẹ̀sié! Tìyá tọmọ wà láàyè."

Ta ló sọ fún un? Kí ni ìyá ìyàwó mi wí gan-an? Mo bi í títí, eléèsáǹsì sì ń yẹ ìdí bídọ́ọ̀nù rẹ̀ wò. Awakọ̀ nawọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì síbẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tọrọ omi mu.

Ìgbà náà ni mo tó gbà á gbọ́: ẹni tí ìkánjú bá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ kò ní pa á níbẹ̀. Eléèsáǹsì ti àpótí rẹ̀ sí mi, mo sì jókòó.