Ohun Tí Mo Mú Ti Èkó Bọ̀

Mo rántí ọjọ́ tí ọmọ ọmọ mi fi ọwọ́ di imú níwájú mi. Aláró ni mí nígbà náà, nítòsí odò Ọ̀ṣun ní Ẹdẹ, òórùn ẹ̀lú kì í sì í tán lára aláró, ì báà fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ láàárọ̀ kó tún fi wẹ̀ lálẹ́. Ọwọ́ mi dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Mo na apá méjèèjì sí ọmọbìnrin kékeré náà pé kó wá dì mọ́ mi, ó fà sẹ́yìn, ó ní, "Ìyá Aláró ń rùn." Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni mo fi rín in, inú mi kò sí níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni ibi tí ọmọ náà sá gbà: orí ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀ kejì ló lọ jókòó sí, ìyẹn ìyá ọkọ ọmọ mi, tí gbogbo Ẹdẹ ń pè ní Ìyá Èkó.

Rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wa nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn àgbà kan ní ọkọ̀ tó ń jẹ iná tó sì ń mu omi kò lè gbé ọmọ ènìyàn lọ lásán kó má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Èkó kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó wà lára àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ó ń kó epo àti èkùrọ́ lọ sí Èkó, ó sì ń kó ẹrù òyìnbó bọ̀. Kò sì wálé lọ́wọ́ òfo rí. Lónìí ṣúgà onígun mẹ́rin, lọ́la jígí tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, lọ́jọ́ mìíràn abọ́ tánganran tí wọ́n ya òdòdó sí nídìí. Bí ọkọ̀ bá ti ké ní téṣàn, ọmọ ọmọ wa á ti máa sáré kiri agbo ilé: "Ìyá Èkó ti dé!" Èmi tí mò ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tí mò ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àgbàdo sísun lọ fún un, kò sí ẹni tó ń sáré pàdé mi. Ta ló fẹ́ fi àgbàdo bá ṣúgà jà?

Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti di imú ni ìdí mi kò ti gba ìjókòó mọ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń lọ sí Èkó. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ tí o kò kọjá Awo tó wà nítòsí yìí rí?" Mo ní, "Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́." Wọ́n ní, "Bó o bá rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀hún, má rà á wálé o." Ká ní mo gbọ́ tiwọn ni, ọ̀rọ̀ ì bá má gùn tó báyìí. Mo di aṣọ aró mélòó kan, mo wọ ọkọ̀. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, mo ti dìde, mo ti gbé ẹrù karí: "Ṣé Èkó nìyí?" Ní Ìwó wọ́n ní rárá o. Ní Ìbàdàn, mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí ọkùnrin kan tó di aṣọ mi mú, tó fà mí padà. Nígbà tí a ó fi kọjá Abẹ́òkúta, gbogbo àwọn tí a jọ jókòó ti ń dá mi lóhùn kí n tó la ẹnu: "Kì í ṣe Èkó!" Atẹ́gùn ti gba gèlè mi lọ lójú fèrèsé. Bí mo ṣe wọ Èkó nìyẹn, orí mi ṣófo bí orí ọmọdé.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé kí ni mo rí l'Ékòó ìgbà náà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé n kò rí Èkó. Mo dé etí omi tó lọ salalu, mo rí ọkọ̀ ojú omi tó ga ju ilé lọ, ojú mi kò sì dúró lórí ọ̀kankan, torí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rà wá sí Ẹdẹ rí ni mò ń wá. Mo gbé ìkarahun òkun, mo gbé e sílẹ̀: ọmọ lè fi gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Mo gbé fèrè, mo gbé e sílẹ̀: Ìyá Èkó á ti rà á. Mo rìn títí àtẹ́lẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ìgbà tó yá ni mo yọjú sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo sì rí i lórí pẹpẹ. Ọmọ ni. Ojú rẹ̀ funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó ní irun lórí, ó wọ bàtà. A ní ọmọláńgidi tiwa tí àwọn ọmọbìnrin máa ń pọ̀n, ṣùgbọ́n igi pẹlẹbẹ ni, kò ní apá, kò ní ẹsẹ̀. Èyí ń wò mí. Òǹtajà tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó di ojú. Ó gbé e dìde, ó la ojú. Mo fi owó aṣọ aró tí mo tà rà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀, mo tẹ́ ẹ lé itan kí gbogbo ayé lè rí i. Ìyá arúgbó kan tó jókòó tì mí wò ó, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ jókòó síbòmíràn. Mo rò pé ìlara ló ń ṣe é.

Tààrà láti téṣàn ni mo gba agbo ilé àwọn àna mi lọ. Ọmọ mi wà lórí ẹní, oyún rẹ̀ kejì ti wọ oṣù ìbí, ikùn rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fura pé ọmọ méjì ló wà níbẹ̀, torí ìbejì wọ́pọ̀ nínú ìdílé ọkọ rẹ̀. Mo jẹ́ kí gbogbo wọn pé jọ. Mo ní kí wọ́n pe Ìyá Èkó pàápàá wá. Mo wá tú aṣọ, mo tẹ́ ọmọ òyìnbó náà sórí ẹní níwájú ọmọ mi, ojú rẹ̀ sì pa dé. Ọmọ ọmọ mi na ọwọ́ sí i, Ìyá Èkó gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Àna mi," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ta ló kú nílé yìí?"

Ìgbà náà ló tó yé mi. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, a máa ń gbẹ́ ère kékeré, a ó wẹ̀ ẹ́, a ó wọ aṣọ fún un, a ó gbé e ti ìyá ọmọ. Ẹni tó bá wá gbé ọmọ tí kò mí, tó wọṣọ, tó di ojú, wá síwájú aboyún, kí ni kí wọ́n rò?

"Ohun ìṣeré ni," mo ní.

"Ohun ìṣeré tó ń di ojú?"

Baálé ilé kò jágbe mọ́ mi, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Wọ́n ní kí n rọra máa gbé ẹrù mi lọ, kí n má sì padà wá títí ọmọ mi yóò fi sọ̀ kalẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọn kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: bí ohunkóhun bá ṣe ìyá tàbí ọmọ, n kò tún ní fi ẹsẹ̀ tẹ agbo ilé náà mọ́, àwọn ọmọ ọmọ mi á sì dàgbà sínú ìtàn ìyá àgbà tó gbé ikú ti Èkó bọ̀.

N kò lè jókòó, n kò lè dúró. Mo fẹ́ gbé ọmọ òyìnbó náà jù sínú Ọ̀ṣun, mo dé etí odò, mo padà: bí kì í bá ṣe nǹkan kan, kí ni mo ń bẹ̀rù? Bó bá sì jẹ́ ère lóòótọ́, ta ló ń ju ère ìbejì nù? Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà aró, mo gbé e nàró kí ojú rẹ̀ má baà dé. Bí adìẹ bá kọ lù ú tó ṣubú, màá fi aṣọ sílẹ̀ nínú ìkòkò, màá sáré lọ gbé e dìde. Aṣọ oníbàárà ń jáde ní àbàwọ́n, apá kan dúdú, apá kan ṣì funfun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti apá ilé àwọn àna mi bọ̀, mo ti pàdé rẹ̀ lọ́nà: "Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?" Èmi fúnra mi máa ń rìn dé ìyànà tí mo ti lè rí òrùlé ilé náà, màá ṣe bí ẹni ń wá ewúrẹ́, màá sì padà. Ọkọ mi ní kí n jókòó. Mo ní, "Níbo ni kí n jókòó sí?" Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí ẹni náà yóò ṣe fi ojú kan oorun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí oòrùn ṣe ń yọ, mo rí Ìyá Èkó tó ń bọ̀. Obìnrin tí kì í yọjú síta láìwé gèlè, kò wé gèlè. Ọ̀pá tí mo fi ń ro aró bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúró lẹ́nu àtíbàbà.

"Ọmọ yín ti bímọ o. Ara rẹ̀ le. Ìbejì ni. Kẹ́hìndé ń mu ọmú."

Mo dúró de ìyókù, kò wá. "Táyé ńkọ́, àna mi?"

"Táyé lọ sájò."

Nílé tiwa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Àjò la máa ń ní ó lọ. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ aró, mo ń bẹ̀bẹ̀, n kò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Gbólóhùn kan péré ni Ìyá Èkó ì bá sọ láti fi ba tèmi jẹ́ títí ayé, ẹnikẹ́ni kì bá sì dá a lẹ́bi. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ kan náà pẹ̀lú aṣọ rere lára rẹ̀, ó sunkún. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ gbé e, ká máa lọ."

"Kí ni kí n gbé, àna mi?"

"Ohun tí ẹ mú ti Èkó bọ̀. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yín nílé láti àná. Mo ní kí wọ́n panu mọ́. Mo ní ẹ̀bùn Táyé ni, ẹ̀bùn rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ délé."

A jọ rin Ẹdẹ já, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ wí nǹkan kan, ojú Ìyá Èkó pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn obìnrin ilé ń tu ọmọ mi nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọmọ mi gba ọmọ òyìnbó náà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sí apá kan, Kẹ́hìndé wà ní apá kejì, ó sì fi aṣọ kan náà nu ojú àwọn méjèèjì. Ìgbà náà ni mo tó sunkún. Ọmọ ọmọ mi àgbà ń ké pé òun náà fẹ́ tòun, Ìyá Èkó sì ní kó dákẹ́, pé èmi àti òun la jọ ń lọ ra tirẹ̀.

A sì jọ lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà la jọ lọ lẹ́yìn náà, tí a ń jà láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ṣúgà, mo ní aṣọ. Ibi kan ṣoṣo tí a kì í ti í jà ni ti ìbejì: ohunkóhun tí a bá rà fún Kẹ́hìndé, a ó ra irú rẹ̀ fún Táyé. Ìyá Èkó ti lọ sinmi báyìí, mo sì ń ṣàárò ìjà wa. Kẹ́hìndé ti di baba ọlọ́mọ. Èmi ṣì wà, bí rélùwéè bá ti ké, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Àwọn ọmọ ní kí n jókòó sílé, ó ti tó. Mo ní mo ti dán ìjókòó wò nígbà kan, kò bá mi lára mu.

L'Ékòó lẹ́nu àìpẹ́ yìí, fìlà ni mò ń yàn. Méjì ni mo mú, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, torí ọmọ tó lọ sájò náà ń dàgbà níbi tó wà. Ọmọ Kẹ́hìndé tó mú mi dání, ọmọbìnrin tó ti kàwé, sọ fún òǹtajà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó gba ọ̀kan padà, pé ọ̀kan ṣoṣo ni bàbá òun, ogbó ló mú kí ìyá àgbà ṣì í kà. Mo gbọ́. N kò bá a wí. Ọmọdé ni, ayé mìíràn ni wọ́n bí i sí. Mo gba fìlà méjèèjì, mo ki ọ̀kan bọ inú èkejì, mo sì dì wọ́n mọ́ra. N kò ṣì í kà.