Díìsì Tí Kò Ṣí fún Ìyá Mi

Bí mo bá rántí ẹ̀rọ díìsì ìyá mi, àárẹ̀ ló ń mú mi. Àgọ́-Àrẹ ni ìyá mi ń gbé. Kì í wo fídíò lórí fóònù, ó ní ojú òun ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Komu, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu ìyẹn mọ́, ìpè fóònù ò sì wúlò. Orúnkún ìyá mi náà ò lè fara gba gbágungbàgun ọ̀nà wa. Mo bá lọ fi fóònù ya fídíò Ìyá Komu, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n náà, lórí ẹní wọn, mo padà sí Ìsẹ́yìn níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, kí n lè fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sínú díìsì.

Kọ̀ǹpútà bi mí pé irú fídíò wo ni mo fẹ́ kọ. Mo yan èyí tó mọ́ jù, tó tóbi jù. Ṣebí ìyá ẹni ni? Mo gbé e dé Àgọ́-Àrẹ, ẹ̀rọ pòòyì títí, ó ní òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo padà lọ tún un ṣe, mo tún gbé e wá. Lọ́tẹ̀ yìí ohùn ń kùn, ojú tẹlifíṣọ̀n sì dúdú.

Ìyá mi fajú ro.

“Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ẹ̀ ń fi pa mọ́ fún mi ni.”

Mi ò lè dá a lẹ́bi. Nílé wa, a kì í ṣàdédé túfọ̀ fún arúgbó. Wọ́n á ní ara olóògbé ò yá, wọ́n á ní ó wà ní ọsibítù, títí àwọn àgbà á fi péjọ. Òun náà ti bá wọn ṣe é fún ẹlòmíì rí.

“Màámi, wọn ò kú. Ẹ̀rọ yín ló ti gbó.”

“Ojú lọ̀rọ̀ wà. Fi ojú wọn hàn mí.”

Inú bí mi débi pé n kò fọwọ́ kan oúnjẹ tó gbé fún mi. Nígbà tí mo délé ni mo tó ronú ohun tí mò ń ṣe: fídíò òde òní ni mò ń kì bọ ẹ̀rọ àtijọ́ lẹ́nu. Eyín arúgbó ò lè fọ́ eegun. Mo wá yan irú èyí tí wọ́n ń lò láyé tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà, mo dín àwòrán kù, mo ní kí kọ̀ǹpútà rọra kọ ọ́. Àwòrán náà ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò ṣí.

Mo ń gbé e lọ sí Àgọ́-Àrẹ, mo ti kọjá Okaka nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Komu. Ìyá Komu ti jáde láyé láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè.

“Má wí fún Màámi o. Èmi àti àwọn àfáà ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun àsáárì.”

Díìsì ṣí. Ìyá Komu jókòó síbẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ juwọ́. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, òun náà ń juwọ́ padà. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú o!” Ó ní kí n tún un gbé sí i, mo tún un gbé sí i. Ó wá di ọwọ́ mi mú.

“Má bínú, ọmọ mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di òpùrọ́.”

Mo ní, “Kò burú, Màámi.”